Iná tí a ń tàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀: Èbúté Kútọ̀nú, ìbalẹ̀ òru ní Úlì, àti ìjàm̀bá tí kò ní olùwádìí (1968–1970)

Àkótán

Nínú ìwé kékeré yìí, mo gbé ìjàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú tó ń balẹ̀ lóru níbi tí iná ojú ọ̀nà kò ti pé yẹ̀ wò, kì í ṣe bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lásán, bí kò ṣe bí ọ̀rọ̀ ìtàn. Àpẹẹrẹ tí mo mú ni iṣẹ́ ìkẹ́rù ìrànwọ́ tí Àjọ Àgbélébùú Pupa Àgbáyé ṣe láti Kútọ̀nú lọ sí Úlì ní ilẹ̀ Bìáfírà ní ọdún 1969, pẹ̀lú iṣẹ́ irú rẹ̀ tí àwọn ìjọ ṣe láti erékùṣù São Tomé. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé iná Úlì kò bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn ni wọ́n ń pa á, nítorí pé ogun ti sọ ìmọ́lẹ̀ di ohun tí à ń jà lé lórí. Ìdí nìyí tí a kò fi lè kọ ìtàn àwọn tó kú níbẹ̀ láìkọ ìtàn èbúté tí ẹrù wọn ti wá, àti ti ìjọba tó gbà kí ó gba ibẹ̀ kọjá.

1. Ìbéèrè tí ó bí iṣẹ́ yìí

Ní ilé ìwé tí mo lọ, níbi tí wọ́n ti fi èdè Faransé kọ́ wa láti kékeré, ogun Bìáfírà kò gbà ju ìlà díẹ̀ lọ nínú ẹ̀kọ́ ìtàn. Wọ́n kọ́ wa pé ogun náà jẹ́ ti Nàìjíríà, pé ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, pé ó parí ní 1970. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé ìlú Kútọ̀nú tí a jókòó sí wà nínú ìtàn náà. Ìgbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo tó mọ̀ pé láti pápákọ̀ òfuurufú Cadjèhoun, tí kò jìnnà sí èbúté wa, ni àwọn ọkọ̀ ńláńlá ti ń gbéra ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń fi ojú ọ̀run dúdú ṣe ọ̀nà, tí wọ́n sì ń wá ojú títì kan tí iná rẹ̀ kì í tàn ju ìgbà díẹ̀ lọ.

Ìbéèrè mi rọrùn. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú bá já lulẹ̀ nítorí pé awakọ̀ kò rí ibi tí yóò balẹ̀ sí, ta ni ó yẹ kí a bi? Ní àkókò àlàáfíà, a ó bi ẹni tó ń tọ́jú iná, a ó bi ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀, a ó sì bi awakọ̀ pàápàá. Ní Úlì, ìdáhùn kò rí bẹ́ẹ̀. Láti dé ibi tí ìdáhùn wà, a ní láti kọ́kọ́ padà sí Kútọ̀nú.

2. Ìlú tí ìgúnlẹ̀ ti máa ń nira

Nínú èdè Fọ̀n, ohun tí àwọn àgbà sọ pé orúkọ Kútọ̀nú túmọ̀ sí ni ẹnu ọ̀sà ikú. Ẹni tó bá mọ etíkun wa yóò mọ̀ pé kò sí ìyawọlé omi kan tí ọkọ̀ lè sá pamọ́ sí. Ìgbì ńlá tí àwọn ará Faransé ń pè ní «barre» ń fọ́ lu iyanrìn láìsinmi. Ṣáájú òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ tó bá ti òkèèrè dé yóò dúró lójú agbami, àwọn atukọ̀ tó mọ ìgbì ni yóò sì fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kó ẹrù àti ènìyàn wá sí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹrù ló ń ṣubú sómi, ènìyàn sì ń kú.

Nígbà tí Faransé gba ìlú náà tán, wọ́n kọ́ afárá irin gígùn kan tó nà jáde kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1891, wọ́n sì ń lò ó láti 1893. Afárá yìí, tí gbogbo ayé mọ̀ sí «wharf», ló gba ìlú náà là fún nǹkan bí àádọ́rin ọdún. Lẹ́yìn òmìnira ni èbúté omi jíjìn tòótọ́ wá parí. Wọ́n ṣí i ní ọdún 1965. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ńlá lè wọlé, kí ó so mọ́ èbúté, kí wọ́n sì já ẹrù rẹ̀ tọ̀sán tòru lábẹ́ iná mànàmáná.

Ìtàn ìbalẹ̀ òfuurufú náà ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti omi. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1959, ní Saint-Louis ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn ilẹ̀ tí Faransé ti ṣàkóso dá àjọ ASECNA sílẹ̀ láti máa ṣọ́ ojú ọ̀run wọn ní àpapọ̀. Dàhòmì, bí a ti ń pe ilẹ̀ wa títí di 1975, wà lára wọn. Ní ọdún 1969, nígbà náà, ìlú Kútọ̀nú ní ohun méjì tí kò pọ̀ ní agbègbè yìí: èbúté tuntun fún ọkọ̀ ńlá, àti pápákọ̀ òfuurufú tó ní iná àti ìdarí, tí àárín wọn kò ju ìrìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré lọ. Ohun méjì yìí ni àwọn tó ń wá ọ̀nà àti dé Bìáfírà rí.

3. Bí iṣẹ́ náà ṣe dé Kútọ̀nú

Bìáfírà kéde òmìnira rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1967. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù keje. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba àpapọ̀ ti gba Bonny, Enugu àti Calabar. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, Port Harcourt náà bọ́. Láti ìgbà yẹn, Bìáfírà kò ní èbúté kankan mọ́. Ebi mú àwọn ọmọdé, àìsàn kuaṣiọ́kọ̀ sì sọ wọ́n di ẹni tí gbogbo ayé ń rí àwòrán wọn nínú ìwé ìròyìn. Bóyá wọ́n lo ebi gẹ́gẹ́ bí ohun ìjà, àti ta ni ó lò ó, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ṣì ń jiyàn lé lórí títí di òní, pàápàá láàárín àwa Yorùbá nígbà tí orúkọ Olóyè Awólọ́wọ̀ bá wọ̀ ọ́. Èmi kò ní dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ohun tó ṣe pàtàkì fún wa ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù láti wọlé ni ojú ọ̀run.

Àjọ Àgbélébùú Pupa Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìkẹ́rù alálaalẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1968 láti erékùṣù Fernando Po. Àwọn ìjọ Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì ń ṣe tiwọn láti São Tomé, tí ó wà lábẹ́ Pọ́túgà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 1968, Fernando Po di ara orílẹ̀-èdè tuntun kan, Equatorial Guinea. Ìjọba tuntun náà kò fẹ́ kí epo dísù àti ìgò ọ́síjìn gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá lọ sí Bìáfírà, ó ní àwọn ọmọ ogun lè lò wọ́n. Láìsí dísù, ọkọ̀ akẹ́rù tó yẹ kó pín oúnjẹ ní Bìáfírà kò lè rìn. Iṣẹ́ dúró.

Ibẹ̀ ni Kútọ̀nú ti wọ ìtàn. Ààrẹ Dàhòmì nígbà náà ni Émile Derlin Zinsou, oníṣègùn ni kí ó tó di olóṣèlú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1969, ó gbà kí Àjọ Àgbélébùú Pupa máa lo Kútọ̀nú. Kò yẹ kí a fojú kékeré wo ìpinnu yìí. Houphouët-Boigny ti Côte d'Ivoire, tó jẹ́ ẹni tó lágbára jù nínú ẹgbẹ́ Entente tí Dàhòmì wà nínú rẹ̀, ti gba Bìáfírà gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè ní oṣù karùn-ún ọdún 1968. Faransé náà ń tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Dàhòmì kò sí lẹ́bàá Abidjan. Ẹ̀bá Nàìjíríà ló wà. Àwọn ará Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ní ìyá àti bàbá ní apá kejì ààlà. Ọjà tí wọ́n ń ná, ìgbéyàwó tí wọ́n ń ṣe, Nàìjíríà ló wà nínú rẹ̀. Dàhòmì kò gba Bìáfírà gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè rí. Ohun tí Zinsou ṣe ni pé ó ṣí ilẹ̀kùn fún oúnjẹ láìṣí i fún òṣèlú. Ìlà tí ó fà yìí tinrín gan-an, òun sì ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé.

Ní ti ọ̀nà, Kútọ̀nú jìnnà ju Fernando Po lọ. Láti Fernando Po sí Úlì jẹ́ nǹkan bí 300 kìlómítà. Láti Kútọ̀nú, ó súnmọ́ 500. Ṣùgbọ́n èbúté wa san àfikún náà padà. Páńlá láti Norway, iyọ̀, wàrà lẹ́búlẹ́bú àti oògùn lè ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sínú ọkọ̀ akẹ́rù, kí wọ́n sì wọ inú ọkọ̀ òfuurufú láìkúrò nínú ìlú kan ṣoṣo. Ní òpin 1968, ìjọba Amẹ́ríkà gbà láti ta ọkọ̀ ńlá C-97 mẹ́jọ fún iṣẹ́ ìrànwọ́, mẹ́rin fún Àgbélébùú Pupa, mẹ́rin fún àwọn ìjọ. Ọkọ̀ ológun àtijọ́ ni wọ́n, ikùn wọn sì gba ẹrù púpọ̀.

4. Bí a ṣe ń balẹ̀ ní Úlì

Úlì kì í ṣe pápákọ̀ òfuurufú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú títì ni, nítòsí Ihiala, tí àwọn ẹnjiníà Bìáfírà fẹ̀ lójú, tí wọ́n sì sọ di ojú ọ̀nà ìbalẹ̀. Annabelle ni orúkọ àṣírí rẹ̀. Ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ ní pápákọ̀ ńlá máa ń fẹ̀ tó mítà 45. Ti Úlì kò ju nǹkan bí ìdajì rẹ̀ lọ, igi sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ọkọ̀ tí apá rẹ̀ gùn ju ìbú ojú ọ̀nà lọ ló ń balẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ọkọ̀ kan. Ó gbéra ní ìrọ̀lẹ́, ó gba ojú òkun lọ, ó sì dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú kí ó tó yà wọ orí ilẹ̀. Ó pa gbogbo iná ara rẹ̀. Nígbà tó bá ń kọjá etíkun, ìbọn ń bú láti ìsàlẹ̀. Nígbà tó bá súnmọ́ Úlì, ẹ̀rọ rédíò kan tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ ni ó fi ń wá ibẹ̀. Ó pe orúkọ àṣírí rẹ̀. Wọ́n dá a lóhùn. Wọ́n sọ fún un gíga tí yóò máa yí ká nínú òkùnkùn, nítorí pé ọkọ̀ mìíràn wà lókè rẹ̀ àti lábẹ́ rẹ̀, tí iná kankan kò sí lára wọn.

Lókè gbogbo wọn ni ọkọ̀ ìjọba àpapọ̀ kan tó kó bọ́m̀bù wà, tí àwọn awakọ̀ ìrànwọ́ ń pè ní Intruder. Òun náà ń dúró de iná. Bí iná ojú ọ̀nà bá ti tàn, ó mọ ibi tí yóò ju bọ́m̀bù sí. Nítorí náà, àwọn tó ń darí ní ìsàlẹ̀ kì í tan iná àfi tí awakọ̀ bá sọ pé òun ti wà ní ìkẹyìn ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tan án. Awakọ̀ rí ìlà iná méjì. Ó ní ìwọ̀nba àkókò láti mú ọkọ̀ rẹ̀ tọ́. Bí táyà bá ti fọwọ́ kan ilẹ̀, iná kú. Nígbà mìíràn, tí Intruder bá súnmọ́, iná máa ń kú kí táyà tó kanlẹ̀. Nígbà náà, awakọ̀ ní láti yan ọ̀kan: kí ó balẹ̀ nínú òkùnkùn, tàbí kí ó fi agbára gòkè padà lórí igi tí kò rí.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ó ń bi baba ẹni pé «ìwọ ta nìyẹn?» Bí Úlì ṣe rí gan-an nìyí. Ọkọ̀ tó kó wàrà ọmọdé àti ọkọ̀ tó kó ọta ìbọn ń lo ojú ọ̀nà kan náà, ní òru kan náà. Ẹni tó wà lókè pẹ̀lú bọ́m̀bù kò lè fi ojú yà wọ́n sọ́tọ̀, bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ yà wọ́n.

5. Àwọn tó kú nínú ìbalẹ̀

Ìjàm̀bá pọ̀ nínú irú iṣẹ́ báyìí. Méjì tí orúkọ wọn wà ní gbangba yóò tó fún àpẹẹrẹ.

Èkíní ni ti August Martin. Ọmọ Amẹ́ríkà adúláwọ̀ ni, òun sì ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá awakọ̀ ní ilé iṣẹ́ òfuurufú Amẹ́ríkà tó ń fò lórí ètò àkókò. Ìgbà ìsinmi rẹ̀ ni ó ń lò láti kó ẹrù wọ Bìáfírà. Ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1968, ọkọ̀ Super Constellation tí ó ń wà já lulẹ̀ nínú òjò ńlá bí ó ti ń gbìyànjú láti balẹ̀ sórí ojú títì náà. Ìyàwó rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn méjèèjì kú. Ilé ìwé girama kan ní Queens, ní ìlú New York, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Èkejì ni ti àwọn ará Kánádà. Àwọn ìjọ ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ Canairelief sílẹ̀, wọ́n sì ń ti São Tomé fò. Ní òru ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1969, ọkọ̀ wọn kan tí Donald Merriam jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kọlu òkè nítòsí Úlì bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ kú.

Ìtẹ́ òkú kan wà lẹ́bàá Úlì nígbà ogun náà fún àwọn awakọ̀ tó kú nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá wo àkọsílẹ̀ wọn yóò rí i pé ohun kan náà ń padà wá: òru, òjò tàbí kùrukùru, iná tí kò tó tàbí tí kò pẹ́. Kò ṣòro láti kọ «àṣìṣe awakọ̀» sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò purọ́ fún wa. Ẹni tó bá ń fi ìgbà díẹ̀ péré wo ilẹ̀, nínú òjò, tí kò mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ tó ń wò yóò ṣì wà kí ó tó mí lẹ́ẹ̀kan sí i, kò ní àyè fún àṣìṣe tàbí fún ìtọ́sọ́nà. Iná tó pa á kì í ṣe iná tó bàjẹ́. Iná tí ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ pa ni, ó sì ní ìdí tó fi pa á.

6. Ọjọ́ tí ìmọ́lẹ̀ pa ènìyàn

Tí a bá dúró síbí, a ó rò pé òkùnkùn nìkan ni ọ̀tá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1969 kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ̀ DC-7 kan ti Àgbélébùú Pupa ilẹ̀ Sweden, tó gbéra láti Fernando Po, wọ orí ilẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ọkọ̀ ogun MiG ti Nàìjíríà yìn ín lulẹ̀ nítòsí Eket. Àwọn mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ kú.

Àwọn awakọ̀ rí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kíákíá. Ní òru, o lè kú nítorí pé o kò rí ilẹ̀. Ní ojúmọmọ, o lè kú nítorí pé wọ́n rí ọ. Àmì àgbélébùú pupa tí wọ́n kùn sára ọkọ̀ kò wúlò nínú òkùnkùn. Nínú ìmọ́lẹ̀, kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

Àjọ Àgbélébùú Pupa dá iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀ dúró. August Lindt, tó jẹ́ olórí iṣẹ́ náà, ni ìjọba àpapọ̀ sọ pé òun kò fẹ́ rí mọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ó sì fi ipò sílẹ̀. Ní òpin oṣù kẹfà, Lagos gba ìdarí gbogbo iṣẹ́ ìrànwọ́ sí ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn ìjọ tó wà ní São Tomé ń fò lọ ní tiwọn. Ní Kútọ̀nú, èbúté ṣì lè gba ẹrù bí ó ti ń gbà á tẹ́lẹ̀; ọ̀run ló tì.

7. Adéhùn ojúmọmọ

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti ga jù lọ rèé. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, Àjọ Àgbélébùú Pupa àti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí adéhùn kan. Ọkọ̀ yóò máa gbéra láti Kútọ̀nú, yóò máa balẹ̀ ní Úlì ní ojúmọmọ, yóò gba ọ̀nà tí wọ́n fẹnu kò sí, Nàìjíríà yóò sì ní ẹ̀tọ́ láti pe ọkọ̀ kó balẹ̀ ní Lagos kí wọ́n yẹ ẹrù inú rẹ̀ wò. Lójú ẹni tó ń ro ti ààbò ìbalẹ̀ nìkan, adéhùn yìí ni ojútùú. Ó mú òkùnkùn kúrò, ó mú Intruder kúrò, awakọ̀ yóò rí ojú ọ̀nà láti ọ̀nà jíjìn.

Bìáfírà kò gbà á. Kì í ṣe nítorí pé kò mọ iye ọmọ tí ebi ń pa. Ìbẹ̀rù méjì ni ó ní. Èkíní, tí ọ̀nà ojúmọmọ bá ṣí, ta ni yóò dá ọkọ̀ ogun dúró kí ó má tẹ̀ lé ọkọ̀ oúnjẹ wọlé? Èkejì kò rọrùn láti sọ ní gbangba: ọkọ̀ ìrànwọ́ tó ń fò lóru ló ń ṣe ìbòjú fún ọkọ̀ ohun ìjà. Tí oúnjẹ bá kó lọ sí ọ̀sán, ohun ìjà nìkan ni yóò kù lóru, Intruder yóò sì mọ̀ pé ohunkóhun tó bá gbọ́ lókè jẹ́ ohun tó tọ́ láti yìn. Nàìjíríà náà kò fi ìfẹ́ lásán ṣe é. Ẹ̀tọ́ àyẹ̀wò ní Lagos túmọ̀ sí pé kò sí ohun tí yóò wọ Bìáfírà láìgba ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, èyí sì ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń torí ẹ̀ jà.

Nípa bẹ́ẹ̀, ìbéèrè bóyá awakọ̀ yóò rí ilẹ̀ tàbí kò ní rí i di ìbéèrè ta ni ó ni ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá ní agbára láti tan iná ní Úlì ni ó ni Úlì. Ẹni tó bá lè sọ pé «ẹ wá ní ọ̀sán» ti sọ pé òun ni olúwa ọ̀sán. Àwọn awakọ̀, àti àwọn ọmọ tó ń dúró de wàrà, wà láàárín.

Kò sí ọkọ̀ kan tó fò lábẹ́ adéhùn náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 1969, àwọn ológun lé Zinsou kúrò lórí oyè ní Kútọ̀nú. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ní òru ọjọ́ 10 mọ́jú 11 oṣù kìíní ọdún 1970, Ojúkwu gbéra kúrò ní Úlì, ó forí lé Côte d'Ivoire. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, ogun parí.

8. Ìjàm̀bá tí kò ní olùwádìí

Ọ̀rọ̀ kan kù tó kan àwa tí a ń kọ ìtàn. Láti ìgbà Àdéhùn Chicago ti 1944, àti Àfikún rẹ̀ kẹtàlá tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1951, òfin àgbáyé ti sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ wádìí ìjàm̀bá òfuurufú: orílẹ̀-èdè tí ìjàm̀bá ti ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀. Èrò inú rẹ̀ ni pé kí a mọ ìdí, kí ó má bàa tún ṣẹlẹ̀. Ní Úlì, orílẹ̀-èdè wo nìyẹn? Lójú òfin, Nàìjíríà ni. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò lè dé ibẹ̀, lójú rẹ̀ sì ni àwọn ọkọ̀ náà ti rú òfin láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ojú ọ̀run rẹ̀. Bìáfírà ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè díẹ̀ péré ló gbà pé ó wà. Ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀ ní ibi tí kò sí ìjọba tó lè wádìí rẹ̀ tí ayé yóò sì gbà.

Ẹ jẹ́ kí a fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú wa ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 2003. Ní ọ̀sán ọjọ́ Kérésìmesì náà, ọkọ̀ Boeing 727 ti ilé iṣẹ́ UTA ti Guinea, tó ń lọ sí Beirut, kò lè gbéra dáadáa ní Cadjèhoun. Ó kọlu ilé kékeré kan tó wà ní mítà 118 kọjá òpin ojú ọ̀nà, ó sì ṣubú sí etíkun. Ènìyàn 141 kú. Àjọ olùwádìí ìjàm̀bá òfuurufú ti Faransé, BEA, ló ṣe ìwádìí ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀, ìwé tí ó kọ sì wà ní gbangba. Kò dúró sórí awakọ̀. Ó sọ pé ẹrù ti pọ̀ jù, pé àwọn awakọ̀ kò mọ bí ìwúwo rẹ̀ ṣe pín, pé ilé iṣẹ́ náà kò ní ìmọ̀ àti ètò tó yẹ, pé ìjọba tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ kò ṣọ́ ọ. Ó tún mẹ́nu kan ojú ọ̀nà tó kúrú, ooru ọ̀sán, àti ilé tí a kọ́ le jù síbi tí kò yẹ.

Ní Port Harcourt, ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2005, ọkọ̀ DC-9 ti Sosoliso já lulẹ̀ nínú ìjì. Nínú ènìyàn 110, méjì péré ló yè. Ọgọ́ta nínú àwọn tó kú jẹ́ ọmọ ilé ìwé kan ṣoṣo ní Abuja. Àwọn olùwádìí Nàìjíríà rí i pé awakọ̀ sọ̀kalẹ̀ kọjá ibi tó yẹ láìrí ojú ọ̀nà; ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú pé iná pápákọ̀ náà kò tàn, èyí sì lè wà lára ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n rí ilẹ̀.

Ìwé ìwádìí kò jí òkú. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ̀bi dúró sórí ẹni tó kú nìkan. Ó ń tọ okùn náà láti ọwọ́ awakọ̀ dé ọwọ́ ẹni tó di ẹrù, dé ọwọ́ ẹni tó ń tan iná, dé ọ́fíìsì ìjọba. Martin àti Merriam kò rí irú rẹ̀ gbà. Iṣẹ́ yẹn ti wá kù sí ọwọ́ òpìtàn.

9. Àgbálọgbábọ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé àìtó iná ní Úlì ní ìtàn, àti pé ìtàn náà gba èbúté Kútọ̀nú kọjá. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a mú kúrò níbẹ̀. Àkọ́kọ́, kí a má máa ka ìjàm̀bá òru sí ọ̀rọ̀ àyànmọ́ tàbí àṣìṣe awakọ̀ nìkan. Ìmọ́lẹ̀ máa ń ní olówó, ó sì máa ń ní ọ̀tá. Èkejì, kí a kọ Dàhòmì sínú ìtàn ogun Bìáfírà, kì í ṣe bí òǹwòran lẹ́yìn ààlà, bí kò ṣe bí ẹni tó yan ohun tó ṣòro: láti jẹ́ aládùúgbò Nàìjíríà, kí ó sì tún jẹ́ ilẹ̀kùn fún ẹni tí ebi ń pa ní ilẹ̀ tí Nàìjíríà ń bá jà. Ẹ̀kẹta, fún àwa Yorùbá tí ààlà Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín sí méjì, ìwé tí apá kan kọ kò tó fún apá kejì. Ẹni tó ka ti Lagos nìkan kò rí Zinsou. Ẹni tó ka ti Kútọ̀nú nìkan kò rí Úlì.

Títí di òní, tí ènìyàn bá dúró ní etíkun ní Kútọ̀nú ní alẹ́, yóò rí iná èbúté tó tàn láti òpin dé òpin, àti ọkọ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ sí Cadjèhoun pẹ̀lú gbogbo iná rẹ̀. A kì í ronú nípa rẹ̀. Ní ọdún 1969, àwọn tó gbéra láti ibẹ̀ mọ̀ pé nǹkan bí 500 kìlómítà sí iwájú, ẹnì kan dúró lẹ́bàá ẹ̀rọ amúnáwá pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ lórí ohun tí a fi ń tan iná, ó ń gbọ́ ìró ọkọ̀ méjì lókè, ó sì gbọ́dọ̀ pinnu èwo ni yóò tàn án fún.